Kúbúrátù àti Òkúta Pẹrẹsẹ Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Ààlọ́ mi gbéra, ó gbọ̀n jìgì, ó kó sínú tírénì ní Hamburg láìgba tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ń wá a níwájú, ó wà lẹ́yìn. Wọ́n wá a dé ẹ̀yìn, ó ti jókòó ti awakọ̀. Kò sọ̀ lọ́nà, kò mumi lọ́nà, àfi gbàgà lórí òkúta pẹrẹsẹ kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní Berlin. Ta ló bá níbẹ̀?

Kúbúrátù ló bá níbẹ̀.

Ẹ kúkú mọ̀ ọ́n. Ìyá Sàídátù tó máa ń fún yín ní bisikíìtì nínú tíráàmù ni. Ẹnu bisikíìtì nìkan lẹ mọ̀, ẹ kò mọ ọ̀nà tó gbà kí ó tó dé ibi tó wà lónìí. Ẹ fà mọ́ mi, kí ẹ sì yé jà sí aṣọ ìbora.

Nígbà tí Kúbúrátù kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Jámánì, Hamburg ló dé sí, ní Rothenburgsort, níbi tí afẹ́fẹ́ odò Elbe ti ń gbé òórùn epo ọkọ̀ ojú omi wọ yàrá ẹni. Ọmọ Ìbarà ni, l'Abẹ́òkúta. Sùlè ọkọ rẹ̀ ló mú un wá ní ọdún 1983. Sùlè ń kó ẹrù ní èbúté. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni; bí inú bá ń bí i, orin ló máa ń kọ, bí orin náà bá sì ti gùn tó ni ìyàwó rẹ̀ fi ń mọ bí inú ṣe ń bí i tó. Hamburg ni wọ́n bí Sàídátù sí. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀ nígbà tí àìsàn gbé Sùlè dè mọ́lẹ̀, òtútù ọdún náà kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tí Sùlè fi kú. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí gbé e sin. Kúbúrátù jókòó opó tirẹ̀, ó parí rẹ̀, ó nu ojú, ó wo ilé. Ilé tí ọwọ́ mẹ́rin ń gbé ti di ti ọwọ́ méjì, ilé náà sì wúwo.

Àwọn ènìyàn ń sọ nígbà náà pé ní Berlin, lápá ibi tí wọ́n ti wó ògiri ìlú, ilé kò gbówó lórí bíi ti Hamburg. Oyèrónkẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé ní àdúgbò kan náà, ló gbà á níyànjú.

Ó ní, "Lọ wá ibi tí wàá fìdí lé ná. Fi Sàídátù sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Wọn kì í gbé ọmọ iléèwé káàkiri bí ẹni gbé igbá."

Kúbúrátù ní, "Ọjọ́ tí mo bá níṣẹ́ gidi, iṣẹ́ tí ẹnìkan kò lè fi ẹnu lásán gbà lọ́wọ́ mi, ọjọ́ náà ni mò ń bọ̀ wá mú un."

Ó lọ. Ó rí yàrá ní Marzahn ní Berlin, nínú ọ̀kan nínú àwọn ilé gíga tó jọra wọn bí ìbejì, tó jẹ́ pé ẹni tó bá mu ọtí lè wọlé onílé kí ó sì bọ́ bàtà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ gidi ni kò rí. Ó gbá iléèwé, wọ́n ní àsìkò ti tó. Ó fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ, wọ́n ti ilé oúnjẹ. Ọdún ń gorí ọdún. Lọ́jọ́ kan, lórí fóònù, Sàídátù ń ròyìn iléèwé fún un, ó wá ní, "Mama ti ra bàtà tuntun fún mi." Kúbúrátù ní mama wo. Ọmọ náà ní, "Mama ibí. Ìwọ ni Mama Berlin." Kò fi ṣe èébú, ọmọdé ni. Kúbúrátù rọra gbé fóònù kalẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti mọ̀ pé tí òun kò bá tètè mú ọmọ òun wá, ọmọ náà yóò wá lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n bí àlejò ni yóò ṣe wá.

Ọkùnrin kan wà ní ilé náà, Ràsákì, ọmọ Ọ̀yọ́, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Lichtenberg nítòsí. Òun ló wá kan ilẹ̀kùn.

"Ìyá Sàídátù, iṣẹ́ kan wà o. Àmọ́ ẹ má bú mi."

"Sọ ọ́ ná, kí n mọ̀ bóyá èébú ló yẹ."

"Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ibi tí tíráàmù ti ń yí. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa gbá a, tí yóò máa tọ́jú ọgbà."

"Èmi, ọmọ Lèmọ́mù?"

"Ìgbálẹ̀ ni wọ́n ní kí ẹ mú wá, wọn ò ní kí ẹ wá kọrin. Àbí Ọlọ́run ò fẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ ni?"

"Ràsákì, ẹnu rẹ á pa ọ́."

"Ẹ kúkú jẹ́ kí n ti máa pè yín báyìí: Alhájà Ṣọ́ọ̀ṣì."

Ó lọ síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1995. Pásítọ̀ ní kí ó máa ṣiṣẹ́ ná títí di ìgbà ìkórè, pé nígbà náà ni àwọn àgbà ìjọ yóò jókòó, tí wọ́n á sọ bóyá wọ́n gbà á pátápátá. Ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà? Bí wọ́n bá gbà á, Sàídátù dé. Bí wọn kò bá gbà á, Sàídátù di ti Hamburg.

"Und dann? Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

Ìbílọlá, jẹ́ kí n mí ná.

Ìyá arúgbó kan ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà, Ìyá Lehnert. Wọ́n bí i sí abúlé tí ṣọ́ọ̀ṣì náà wà nígbà tí abúlé ṣì jẹ́ abúlé, kí àwọn ilé gíga tó wá yí i ká. Bí Kúbúrátù ti rí ewú orí rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí i. Ìyá Lehnert wo ilẹ̀. Ó ní, "Kí ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ?" Òun náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wá abẹ́ àga. Àwọn méjèèjì wá wà nílẹ̀, wọ́n ń wo ara wọn. Ìgbà tí Kúbúrátù ṣàlàyé tán, ìyá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹsẹ̀ àga mú.

Ó ní, "Ojoojúmọ́ lo máa ṣe é?"

"Ojoojúmọ́, Màmá."

"Kò burú. Orúnkún tìrẹ ni."

Bí wọ́n ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Bí Kúbúrátù bá ń gbálẹ̀, Ìyá Lehnert yóò jókòó, yóò máa fi ọ̀pá tọ́ka, yóò máa pìtàn. Bí àkókò ìrun bá tó, Kúbúrátù yóò tẹ́ aṣọ rẹ̀ sí abẹ́ ilé gogoro, ìyá náà yóò sì ti ilẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ má fẹ́ ẹ lẹ́yìn.

Ṣé ẹ ti wo ògiri ṣọ́ọ̀ṣì náà dáadáa rí? Ẹ kò wò ó, ẹ̀ ń sáré lọ ra áíìsì kírímù. Òkúta ni látòkè délẹ̀, wọn kò sì ra ọ̀kan nínú wọn. Ìyá Lehnert ní láyé àtijọ́, kí ìran ènìyàn kankan tó tẹ ibẹ̀ dó, yìnyín kan tó nípọn bí òkè ló wọ́ àwọn òkúta náà wá láti ilẹ̀ òtútù lọ́hùn-ún. Yìnyín yọ́, ó lọ, ó fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ nínú oko. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ dé, irin ìtúlẹ̀ wọn ń kọlu òkúta, ó ń ṣẹ́. Wọ́n ń ṣà á, wọ́n ń fi màlúù wọ́ ọ lọ sí àárín abúlé. Wọn kò jẹ́ kí ìyà oko wọn já sí asán, wọ́n fi kọ́ ilé fún Ọlọ́run. Wọ́n la òkúta bí ẹni la obì, wọ́n kọ ojú ibi tó tẹ́jú síta, wọ́n tò ó ní ẹsẹẹsẹ bí ọmọ àgbàdo lára ṣíírí. Ó ti lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún. Kí Ẹ̀gbá tó sá dé abẹ́ Olúmọ, ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ti darúgbó, ó ti ń gbàgbé nǹkan.

Apá mẹ́rin ni ilé náà, wọ́n so wọ́n kọ́ra bí ìyá tó kó ọmọ tò sẹ́yìn. Ilé gogoro ló ṣáájú, ó fẹ̀ léjìká. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gbọ̀ngàn tí àwọn ènìyàn ń jókòó sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni yàrá tó tún há díẹ̀ sí i, ibi àwọn àlùfáà. Ìparí rẹ̀ wá rí roboto bí ìdajì igbá tí wọ́n dé mọ́ ògiri, ìlà oòrùn ló sì kọjú sí. Ìyẹn wu Kúbúrátù. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé àwọn wọ̀nyí náà ní ibi tí wọ́n ń kọjú sí.

Fèrèsé apá àríwá kéré, ó tín-ín-rín, orí rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun. Ògiri náà nípọn débi pé bí o bá na apá sínú rẹ̀, ọwọ́ rẹ kò ní yọ síta. Ti apá gúúsù fẹ̀, nítorí àwọn ọmọ ọmọ àwọn tó kọ́lé sọ pé àwọn kò rí ìwé orin kà nínú òkùnkùn, ni wọ́n bá gbẹ́ ògiri bàbá wọn. Ilẹ̀kùn kan wà tí wọ́n fi bíríkì dí, o rí ojú àpá rẹ̀ kedere. Ogun dé, ó jó òrùlé, wọ́n kan òmíràn. Ogun mìíràn dé, ìjọba kó agogo lọ rọ ìbọn, wọ́n fi irin ṣe òmíràn. Ìjọba tí kò fẹ́ràn ṣọ́ọ̀ṣì dé, òrùlé ń jò, Ìyá Lehnert àti àwọn bíi tirẹ̀ ń gbé korobá sábẹ́ rẹ̀. Ìyá náà ní, "Àwọn ìjọba náà ti lọ. Korobá ṣì wà."

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn dé. Sàídátù fẹ́ wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Kúbúrátù ní ọmọ òun kò ní jẹ búrẹ́dì nìkan lọ́dọ̀ òun, láfún tí òun fi ọwọ́ ara òun ṣe ni yóò jẹ. Ó ra ẹ̀gẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Vietnam ní Lichtenberg, ó bó o, ó rẹ ẹ́ sínú korobá ní ilé ìwẹ̀. Ẹ mọ òórùn ẹ̀gẹ́ tó ti kan. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn nínú lífíìtì. Nígbà tó rọ̀ tán, ibi tí yóò sá a sí di ọ̀ràn, nítorí oòrùn kì í dé bákónì rẹ̀ rárá.

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́bàá ògiri gúúsù, òkúta pẹrẹsẹ kan wà nílẹ̀. Ó fẹ̀ bí ibùsùn, ewé òkúta ti bò ó, ṣùgbọ́n oòrùn ń pa á lọ́sàn-án títí yóò fi móoru bí ara ọmọ tó sùn. Ọmọ Abẹ́òkúta kì í rí irú òkúta bẹ́ẹ̀ kí ó kọjá. Ìbarà ni wọ́n ti bí i. Orí àpáta ni ìyá rẹ̀ ń sá láfún sí, orí àpáta ni ìyá ìyá rẹ̀ ń sá a sí. Wọ́n sì kọ́ ọ pé ẹni tó bá sá oúnjẹ sórí àpáta tí kò fọ̀, ọ̀bùn ni. Ó bu omi, ó mú ọṣẹ, ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó fọ òkúta náà títí ara rẹ̀ fi yọ. Àgbélébùú kéékèèké márùn-ún hàn lórí rẹ̀, ọ̀kan láàárín, mẹ́rin ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó rò pé ọmọdé ló fi irin ya á ṣeré. Ó tẹ́ láfún sí i pẹrẹsẹ, ó mú ìgbálẹ̀, ó jókòó, ó ń lé ẹyẹ.

Ibẹ̀ ni Ìyá Lehnert bá a.

"Kí ni nǹkan funfun yìí?"

"Oúnjẹ ni, Màmá. Ó ń gbẹ."

"Nínú ọgbà òkú?"

Kúbúrátù wo ọ̀tún, ó wo òsì. Òótọ́ ni, àwọn sàréè wà lọ́hùn-ún lábẹ́ igi. Ẹ̀rù bà á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó láfún sínú abọ́ kíákíá. Bó ṣe ń kó o ni àwọn àmì náà ń yọ. Ìyá Lehnert bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ọ̀kan, ó fi kan èkejì. Ó dìde, ó lọ pe pásítọ̀.

Pásítọ̀ gun kẹ̀kẹ́ dé, ó kúnlẹ̀ sínú koríko. Ó ní ojú pẹpẹ àtijọ́ nìyí, tábìlì Olúwa gan-an, tí wọ́n gbé jù síta nígbà tí wọ́n yí ìlànà ìsìn padà. Pé àwọn ibi márùn-ún yìí ni wọ́n ta òróró sí lọ́jọ́ tí wọ́n ya á sí mímọ́. Ó wá wo ìka ara rẹ̀.

"Kí ló wà nínú àgbélébùú yìí?"

"Láfún ni, sà."

Pásítọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ó máa lọ sílé ná, pé àwọn àgbà ìjọ yóò pè é.

Kúbúrátù gba ilé lọ. Ó pe Oyèrónkẹ́. Ó ní, "Mo ti fi ẹ̀gẹ́ dí ọ̀nà ọmọ mi."

Oyèrónkẹ́ gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ní gbogbo Jámánì, Kúbúrátù, orí pẹpẹ nìkan ni oòrùn ń ràn sí?" Ó tún rọ̀ ọ́ pé, "Má sunkún. Ẹ̀ṣẹ̀ àìmọ̀ ni. Lọ bẹ̀ wọ́n."

Ràsákì gbọ́, ó mi orí. "Alhájà Ṣọ́ọ̀ṣì, ìgbálẹ̀ ni mo ní kí ẹ mú lọ."

Wọn kò dúró de ìkórè mọ́. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, àwọn àgbà jókòó sábẹ́ ilé gogoro. Ọ̀gbẹ́ni Krause, tí ìran rẹ̀ ti ń dáko ní abúlé náà látayébáyé, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní òun kò bá obìnrin náà jà, ó mọ ilẹ̀ gbá, ṣùgbọ́n ẹni tí kì í ṣe ti ìsìn wa tó fi pẹpẹ wa sá oúnjẹ, báwo ni a ṣe fẹ́ gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ títí ayé?

Kúbúrátù kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, n kò mọ̀. Tí mo bá mọ̀ pé pẹpẹ ni, n kò ní fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àrífín. Ní ìlú wa, òkúta ló bò wá mọ́lẹ̀ kí ogun má rí wa. Oúnjẹ tí ọmọ mi máa jẹ ni mo gbé sórí rẹ̀, mo sì fọ̀ ọ́ kí n tó gbé e sí i."

Ìyá Lehnert gbá ọ̀pá mọ́lẹ̀.

"Krause, ibo ni bàbá rẹ ti ń pọ́n dòjé?"

"Kí ló kan dòjé?"

"Mo ní ibo?"

Krause họ ọrùn. "Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì."

"Lórí kí ni?"

Krause fi ojú wá ilẹ̀kùn.

"Àpá rẹ̀ wà létí òkúta náà dòní. Ìyá mi jókòó lórí rẹ̀, ó ń tu ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ. Ní ìgbà ogun, orí rẹ̀ ni mo ti ń fọ́ èédú. Gbogbo wa la ti lo òkúta yẹn, onígbàgbọ́ ni gbogbo wa, kò sì sí ẹnìkan tó bu omi lé e lórí. Ẹni tó fọ̀ ọ́ nìyí. Tábìlì ni pásítọ̀ pè é. Ṣebí oúnjẹ ni wọ́n ń gbé sórí tábìlì?"

Ọkùnrin kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó fi ikọ́ bò ó. Pásítọ̀ ní kí ẹni tó bá gbà á nawọ́. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Krause ló nawọ́ kẹ́yìn, kò sì nà án tán.

Ó ní, "Kí ó ṣáà má sá nǹkan síbẹ̀ mọ́."

"N kò ní sá nǹkan síbẹ̀ mọ́, sà," ni Kúbúrátù wí. "Àmọ́ orí ògiri ọgbà ńkọ́? Oòrùn ń dé ibẹ̀ dáadáa."

Pásítọ̀ wá rẹ́rìn-ín wàyí.

Wọ́n wá àwọn ọkùnrin tó lágbára, wọ́n fi igi roboto ti òkúta náà wọlé díẹ̀díẹ̀, wọ́n gbé e lé orí bíríkì nínú yàrá tó rí bí ìdajì igbá, níbi tí oòrùn ti ń yọ. Ràsákì wà lára wọn, ó ń làágùn, ó ń kùn pé tí bàbá òun l'Ọ́yọ̀ọ́ bá gbọ́ pé òun ń gbé pẹpẹ, àwọn méjì ni wọn yóò sin lọ́jọ́ kan náà. Òun náà ló sì ń pariwo jù pé kí wọ́n rọra, kí igun rẹ̀ má ṣẹ́. Nígbà ìkórè, wọ́n to búrẹ́dì, èso ápù àti elégédé sórí rẹ̀. Ìyá Lehnert bu láfún sí abọ́ kékeré kan, ó tì í sáàárín elégédé. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kúbúrátù ti lọ mú ọmọ rẹ̀ ní Hamburg kí ìkórè tó dé. Òun àti Sàídátù jọ wọ tírénì padà, àpótí méjì, àti bàtà tí Oyèrónkẹ́ rà. Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́nà. Nígbà tí wọ́n délé, ó jẹ láfún, ó ní ó kan, ó ní ṣé kò sí Nudeln, oúnjẹ bíi màkàróní. Ìyá rẹ̀ se Nudeln fún un, ó sì tún bu láfún díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ abọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, ó mú un dé ṣọ́ọ̀ṣì. Sàídátù kò wo pẹpẹ. Okùn agogo ló rí, tó so rọ̀ látòkè ilé gogoro. Ìyá Lehnert ní ṣé ó fẹ́ fà á. Ó di okùn mú, ó fà á. Agogo ti ojú orun jí lókè, ó fì lọ, ó fì bọ̀, okùn sì gbé Sàídátù kúrò nílẹ̀, bàtà tuntun àti gbogbo rẹ̀. Kúbúrátù na ọwọ́ láti gbá a mú. Ìyá arúgbó náà dá a dúró.

Ó ní, "Fi í sílẹ̀. Yóò gbé e sọ̀ padà. Ó gbé èmi náà rí."

Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín lókè, ó ń sọ̀, ó tún ń gòkè. Agogo ń dún láàárín àwọn ilé gíga, fèrèsé ń ṣí káàkiri, Ràsákì yọ orí lójú bákónì pé ta ló kú. Kúbúrátù dúró sábẹ́ okùn, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó ń dúró de ọmọ rẹ̀ kí ó sọ̀ kalẹ̀.

"Darf ich auch mal, Màmá?"

Ìwọ náà yóò fà á lọ́jọ́ Sátidé, Nọ́fíù, tí o bá ti jẹ oúnjẹ rẹ tán. Ìbílọlá ti sùn, wò ó bó ṣe la ẹnu. Rọra fa aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀, kí o lọ tọ̀, kí o wá sùn tì í. Kí o sì pa iná yẹn.